Ohun Tí Òkun Gbé Jáde: Bí Mo Ṣe Fi Oòrùn Ìrọ̀lẹ́ Yà Wọ́n

Oòrùn tó ń wọ̀ sínú òkun, gbogbo ayé ló ti yà á ní fọ́tò. Èmi ò torí rẹ̀ lọ. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ìgbì ń gbé jù sórí yanrìn, tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ kọjá, ìkarahun, ìyẹ́, òkúta, igi, àwọn ni mo fẹ́ yà, mi ò sì fẹ́ lo iná mìíràn ju oòrùn ìrọ̀lẹ́ lọ. Kí n tètè sọ ọ́: nínú iṣẹ́ yìí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ ṣe pàtàkì ju bó ṣe lẹ́wà tó lọ, ohun kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìhà tó fẹ́ kí oòrùn gbà yọ sí òun.

Àkókò méjì ni mo kọ́kọ́ wò lórí fóònù: ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, àti ìgbà tí omi máa fà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, ìdí nìyẹn tí àkókò rẹ̀ fi ń yí padà lójoojúmọ́. Mo mú ọjọ́ tí omi ń fà lọ nírọ̀lẹ́. Bí omi bá ń fà, ó ń fi nǹkan tuntun sílẹ̀ lórí yanrìn tútù tí ẹsẹ̀ kò tíì kàn. Bó bá ń kún, ìwọ àtìgbì ni ẹ ó jọ máa du ilẹ̀.

Mo débẹ̀ nígbà tó ku bíi wákàtí méjì kí oòrùn wọ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ kámẹ́rà. Mo ń rìn lórí ìlà tí omi dé gbẹ̀yìn, níbi tí koríko òkun àti pàǹtírí ti kó jọ, torí ibẹ̀ ni nǹkan ń fara pamọ́ sí. Ohun tó bá wù mí, mo fi igi tín-ínrín gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì kọjá. Mi ò ṣà á. Bí nǹkan ṣe jókòó, bí omi ṣe gbẹ́ yanrìn yí i ká, ara àwòrán ni. Bí o bá gbé e kúrò tí o tún dá a padà, ó máa hàn pé ọwọ́ èèyàn ló tò ó.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣe é fọwọ́ kàn náà. Akàn kan wà tó jẹ́ pé inú ìkarahun òfìfo ló ń gbé. Ẹ wo ẹnu ìkarahun kí ẹ tó gbé e. Ìgbín òkun kan sì wà tí ìkarahun rẹ̀ fẹ̀ lápá kan, tó wá ṣe ṣóńṣó lápá kejì, tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ ń pe ọwọ́ èèyàn; bó bá wà láàyè, oró rẹ̀ lè pani. Àpò aláwọ̀ búlúù tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tó ní okùn gígùn nídìí, òkèèrè ni kí ẹ ti yà á. Kódà bó bá ti kú sórí yanrìn, okùn yẹn ṣì ń ta.

Láti ilé ni mo ti fi lẹ́ǹsì tó lè sún mọ́ nǹkan kékeré sára kámẹ́rà. Mi ò pààrọ̀ lẹ́ǹsì létíkun, nítorí iyọ̀ àti yanrìn. Mo mú tírípọ́ọ̀dù kúkúrú kan, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, àti páálí funfun kan tó ń da ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ṣókùnkùn dání. Mo yọ white balance, ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, kúrò lórí auto, mo gbé e sí Daylight. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, ó máa ka àwọ̀ wúrà ìrọ̀lẹ́ sí àléébù, á sì máa fọ̀ ọ́ kúrò.

Oòrùn wá sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá ku bíi dígírì 6 kó kan ojú òkun, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá ti nípọn gan-an: àwọ̀ búlúù ti fọ́n ká sọ́nà, pupa àti ìyeyè ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn ń yìn. Èmi, òjìji ni mò ń ṣọ́. Ní dígírì 6, ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 á ní òjìji tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 19, tó túmọ̀ sí pé ìlà tín-ínrín tí kì í hàn lára ìkarahun lọ́sàn-án gangan ti ní òjìji tirẹ̀. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, àsìkò yìí kì í ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ, nítorí náà ó dára bí mo ti fi igi sàmì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìkarahun kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìlà bí ebè oko, ihò róbótó kan sì wà nítòsí orí rẹ̀, tí etí rẹ̀ dán, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìgbì kọ́ ló lu irú ihò yìí. Ìgbín òkun tó ń jẹran ló fi eyín ahọ́n rẹ̀ àti omi kíkan ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, tó sì jẹ onílé láti ibẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo fi ìgúnpá méjèèjì ti yanrìn, mo sì ń fà yí i ká títí oòrùn fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi. Èmi ni mo yí, ìkarahun ò yí. Ìdajì etí ihò náà ń tàn, ìdajì ṣókùnkùn; ibẹ̀ ni mo gbé fókọ́ọ̀sì lé, ní f/11, ìyẹn ni pé mo mú kí ihò lẹ́ǹsì kéré kí iwájú àti ẹ̀yìn ìkarahun lè hàn kedere. Páálí funfun tí mo gbé sápá ọ̀tún sún mọ́ ọn jù, ó ń pa òjìji, ni mo bá tì í sẹ́yìn bí ìwọ̀n apá kan.

Ìyẹ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí oòrùn ti wá, kó là á já. Mo kọjú sí oòrùn, mo fi ọwọ́ kan ṣíji bo lẹ́ǹsì. Kámẹ́rà rí ọ̀run tó ń tàn, ó fẹ́ sọ ìyẹ́ di dúdú. Mo fi +1 kún ìmọ́lẹ̀, gbogbo fọ́nrán rẹ̀ sì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèpo tí akàn bọ́ sílẹ̀ náà gba irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Igi tí ihò kún ara rẹ̀ ni mo yà kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, láti ẹ̀gbẹ́.

Òkúta tútù ní tirẹ̀ kò fẹ́ rí oòrùn sójú rárá. Ojú kan ṣoṣo lá máa kọ mànà lára rẹ̀, tí àwọ̀ yòókù á kú. Lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ tán, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń palẹ̀ mọ́, ọ̀run lódindi di àtùpà: pupa rẹ́súrẹ́sú àti àwọ̀ ewé tó wà lára òkúta náà jáde. Ojú kámẹ́rà ní láti là fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà mo ti ẹsẹ̀ tírípọ́ọ̀dù wọ yanrìn títí kò fi rì mọ́, mo fi timer ìṣẹ́jú àáyá 2 sí i, mo sì ń dúró kí ìgbì padà lọ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Mo fa àwọn igi àmì tu, mo sì fi ìkarahun sílẹ̀ níbi tó wà. Nílé, aṣọ tí mo fi omi tí kò níyọ̀ rẹ ni mo fi nu ara kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ tírípọ́ọ̀dù. Àwọn tí mo fi ìdúró yà láti òkè ni mo pa rẹ́ jù nígbà tí mò ń ṣà wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò fi kún àwọ̀ èyíkéyìí. Ti òkúta nìkan ni mo gé etí rẹ̀, torí fóòmù ìgbì kan yọ sí igun.