Fóònù ṣe update tán, Wi-Fi ò wọlé mọ́: àwọn àṣìṣe tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí fóònù yín ṣe update lóru àná tí Wi-Fi ò sì wọlé mọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ má tíì tẹ factory reset, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Kubwa níbí, ọdún 9 rèé, ohun tó sì máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe fóònù tó já sómi o, fóònù tí nǹkan kan ò ṣe ni, tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara ẹ̀ nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ dànù nítorí nẹ́tíwọ́kì ọjọ́ kan.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà wá bá mi lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Fóònù wọn ti ṣe update lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ WhatsApp ò lọ, YouTube ò ṣí, Wi-Fi ní òun ti wọlé ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ àdúgbò kan ní kí wọ́n jẹ́ kóun bá wọn ṣe reset. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kú, ó tún tàn, ó wá ń bèèrè Gmail tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ta fóònù náà fún wọn ló bá wọn ṣí Gmail yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, wọn ò mọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀. Gbogbo àwòrán lọ, gbogbo ohùn tí ọkọ wọn fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí bàbá tó kú lọ, wọn ò ṣe backup rí. Mo wá bi wọ́n pé, Mà, fóònù àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé tiwọn ń lọ lórí Wi-Fi ilé yẹn? Wọ́n ní rárá, kò sí tẹni tó lọ láti àárọ̀. Dátà inú MiFi ilé, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún wọn ní Wi-Fi, ló ti tán! Update yẹn gan-an ló sì jẹ ẹ́, torí update ńlá lè ju GB 2 lọ, ó ti fà á wálẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ilé sùn. Dátà ni wọn ìbá kàn rà.

Ẹ wá rí i, àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn, kéèyàn dá fóònù lẹ́bi kó tó wo ibòmíì. Ẹ gba fóònù ẹlòmíì kẹ́ ẹ fi wọ Wi-Fi yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tan hotspot, kẹ́ ẹ gbé tiyín wọ tiẹ̀. Bó bá lọ lórí hotspot tí ò lọ lórí ti ilé, MiFi tàbí router ló yẹ kẹ́ ẹ pa kẹ́ ẹ tún tàn. Bó bá jẹ́ dátà orí síìmù ni ò lọ, ẹ yọ síìmù sínú fóònù míì wò, kẹ́ ẹ tó máa sọ pé wọ́n ti ti láìnì yín pa torí NIN.

Ọ̀rọ̀ factory reset yìí, mo fẹ́ kó yé yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, fóònù máa padà sí bó ṣe wà kó tó ṣe update. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Android tuntun yẹn náà lẹ máa bá níbẹ̀, nǹkan tiyín ló máa lọ. Láti Android 5.1, lọ́dún 2015, ni Google sì ti fi àgádágodo Gmail yẹn sí i kí olè má baà rí fóònù tó jí lò, ó dáa bẹ́ẹ̀, ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ Gmail ara ẹ̀, olè ni fóònù máa kà á sí. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ò bá mọ páswọ́ọ̀dù, ẹ yí i padà nígbà tí fóònù ṣì wà ní ṣíṣí.

Reset tẹ́ ẹ ń wá kì í ṣe ìyẹn, ti nẹ́tíwọ́kì nìkan ni. Lórí Samsung, Settings, General management, Reset, ẹ máa rí Reset network settings níbẹ̀, lórí àwọn tuntun wọ́n lè pín in sí méjì, ti síìmù lọ́tọ̀, ti Wi-Fi àti Bluetooth lọ́tọ̀. Lórí Android tó kù, ẹ wá Reset options lábẹ́ System. Lórí iPhone, General, Transfer or Reset iPhone, Reset, lẹ́yìn náà Reset Network Settings. Ẹ rọra ka ohun tó wà lójú fóònù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, torí èyí tó máa nu gbogbo nǹkan kì í jìnnà síbẹ̀, Erase All Content and Settings ni iPhone ń pe tiẹ̀. Ti nẹ́tíwọ́kì yìí ò ní fọwọ́ kan àwòrán, kò ní fọwọ́ kan WhatsApp, ṣùgbọ́n gbogbo páswọ́ọ̀dù Wi-Fi máa lọ, àwọn Bluetooth tẹ́ ẹ ti so mọ́ ọn lè tú, nítorí náà ẹ kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe é. Tó bá bi yín bóyá kó pa eSIM rẹ́, ìyẹn síìmù inú fóònù tí kì í ṣe káàdì, ẹ má mú un. Ohun kékeré yìí nìkan ló máa ń yanjú ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, kò yẹ kéèyàn torí ẹ̀ wọ mọ́tò láti Nyanya lọ ọjà fóònù ní Banex.

Lẹ́yìn ìyẹn tí dátà síìmù bá kọ̀, APN ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn àdírẹ́sì tí síìmù ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́, ẹ má fi àlàfo kankan sí i.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Abuja níbí, àwọn ará IT wọn ti kọ MAC address fóònù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó fi ń wọ Wi-Fi, sínú router, fóònù tí kò bá sí nínú ìwé yẹn ò ní wọlé. Láti Android 10 lọ́dún 2019 àti iOS 14 lọ́dún 2020, fóònù ti ń lo MAC àdàmọ̀dì fún Wi-Fi kí wọ́n má baà máa tọpa ẹ̀ kiri. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé èèyàn á ṣe update, á tẹ Forget, á tún páswọ́ọ̀dù kọ, ó tọ̀nà, router ò sì gbà á, torí àlejò ló rí. Ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yẹn, ẹ wá Privacy tàbí MAC address type, ẹ yí i sí Phone MAC tàbí Device MAC, lórí iPhone ẹ pa Private Wi-Fi Address fún Wi-Fi ọ́fíìsì yẹn nìkan. Ẹ má pa á fún Wi-Fi ìta o. Mo ti rí ọ̀gá kan tó san owó kí wọ́n pààrọ̀ Wi-Fi IC, ṣíìpù Wi-Fi inú fóònù, nítorí èyí, owó ọ̀hún ń dùn mí títí dòní, kì í sì í ṣe owó mi.

VPN, áàpù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà míì, òun náà ńkọ́? Ẹ rántí oṣù kẹfà 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, títí di oṣù kìn-ín-ní 2022, gbogbo ayé ló lọ gbé VPN sórí fóònù. Ó ṣì wà lórí fóònù àwọn mìíì, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀. Android tuntun á dé, VPN àtijọ́ yẹn ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti tan Always-on àti Block connections without VPN, tó ń dí gbogbo ohun tí ò bá gba inú VPN, nẹ́tíwọ́kì kankan ò ní kọjá. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Kẹ́ ẹ tún wo Private DNS, ohun tó ń bá fóònù wá àdírẹ́sì àwọn ojú ewé, ẹ dá a padà sí Automatic. Kẹ́ ẹ wo déètì náà, torí tí déètì fóònù bá ti ṣìnà, ọ̀pọ̀ ojú ewé ni ò ní ṣí.

Tó bá jẹ́ Bluetooth ni ò so mọ́ lẹ́yìn update, kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ má tú u lórí fóònù nìkan, ẹ tú u nínú rédíò mọ́tò tàbí earpod náà, kẹ́ ẹ tó tún wọn so.

Nígbà mìíì ṣá o, update náà ló bàjẹ́ látilẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2014, Apple gbé iOS 8.0.1 jáde, iPhone 6 àti 6 Plus tó gbà á ò rí nẹ́tíwọ́kì mọ́, wọ́n yára fà á sẹ́yìn, ọjọ́ kejì wọ́n ti gbé 8.0.2 jáde. Ẹni tó kánjú lọ flash fóònù ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún sọ́fítíwíà rẹ̀ kọ, fìyà jẹ ara ẹ̀ lásán ni. Tí àwọn tó ń lo irú fóònù yín bá ń ké irú igbe kan náà, ẹ dúró.

Flash yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tí wọ́n bá fi fáìlì tí kì í ṣe ti fóònù yín sí i, IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, lè lọ, fóònù á wá máa kọ Emergency calls only, ìṣòro Wi-Fi á di ìṣòro síìmù. Ẹ tẹ *#06#, kẹ́ ẹ kọ IMEI sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni, èmi náà wà nínú ẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iná yan án. Nígbà tí iOS 7 jáde lọ́dún 2013, Wi-Fi iPhone 4S ọ̀pọ̀ èèyàn di àwọ̀ eérú, kò ṣeé tẹ̀, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun yan án, àwọn kan ń gbé e sínú firísà. Tí bọ́tìnì Wi-Fi tiyín bá di eérú bẹ́ẹ̀, tàbí tí MAC rẹ̀ di 02:00:00:00:00:00 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo èyí tí mo kà sókè, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú bọ́ọ̀dù fóònù ni ìṣòro wà, ẹ kó àwòrán yín pamọ́, ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì jókòó síwájú ẹni tó ń tú u.

Màmá elélùbọ́, nọ́ńbà fóònù wọn la fi rí Gmail yẹn gbà padà. A ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí, WhatsApp wọn sì ti ń ṣe backup lálaalẹ́ báyìí. Àkọ́bí wọn obìnrin ní Ìlọrin rí ohùn bàbá 2 lórí fóònù tiẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tó kù ò padà wá.