Bí ẹ ṣe máa gbọ́ Moving Pictures ti Rush kó lè wọ̀ yín lára

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ariwo gìtá lásán ni rọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú 40 péré. Rush, ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́ta láti Toronto ní Kánádà, ló ṣe álíbọ́ọ̀mù Moving Pictures yìí, Geddy Lee ló ń kọrin tó tún ń ta béèsì tó tún ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, Alex Lifeson ló ń ta gìtá, Neil Peart tó kú ní 2020 ló ń lu ìlù, òun náà ló sì kọ ọ̀rọ̀ orin tó pọ̀ jù níbẹ̀. February 1981 ló jáde. Tẹ́lẹ̀, orin wọn máa ń gùn, nínú álíbọ́ọ̀mù 2112 tí wọ́n ṣe ní 1976, orin kan ṣoṣo ló gba odindi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù. Nínú Moving Pictures wọ́n gé e kúrú, gìtá wúwo, orin sì tètè ń dúró síni lẹ́nu, àmọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀ ò dín rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá íápíìsì gidi, torí ẹnu fóònù ò lè gbé béèsì Geddy Lee. Tó bá jẹ́ Queen Cinema lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ tì í bọ fóònù yín kẹ́ ẹ gbọ́ etí méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ dáwùnlóòdù orin náà sílẹ̀ kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì má bàa já a, ẹ má sì gbọ́ ọ nínú Micra ní Ìwó Road o, ẹ dúró dìgbà tí jẹ́nẹ́rétọ̀ àdúgbò bá ti kú.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí orin àkọ́kọ́. YYZ tó jẹ́ ìkẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sí i. Kò sí ẹni tó kọrin níbẹ̀ rárá, ìlù àti okùn ló ń sọ̀rọ̀. YYZ ni àmì pápákọ̀ òfuurufú Toronto, bí Alákíà tiwa ṣe ń jẹ́ IBA, Morse code, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ìró gígùn àti kúkúrú pè, sì ni wọ́n fi ń ta á sí àwọn awakọ̀ òfuurufú kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n wà, òun gan-an ni Peart ń lù nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀: kọ̀ọ̀n-kọn-kọ̀ọ̀n-kọ̀ọ̀n, kọ̀ọ̀n-kọn-kọ̀ọ̀n-kọ̀ọ̀n, kọ̀ọ̀n-kọ̀ọ̀n-kọn-kọn. Ẹ fi ìka lù ú lórí tábìlì, gígùn jẹ́ ìlọ́po méjì kúkúrú, ẹ ó rí i pé bíìtì márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n kúkúrú mẹ́rin, ló ń pé kó tó yí padà. Ẹni tó ti gbọ́ onígángan tó ń ki èèyàn lẹ́nu ọ̀nà òde ìnáwó, etí ẹ̀ ti mọ irú nǹkan yìí tipẹ́.

Ìgbà tó bá ti wọlé ni kẹ́ ẹ wá padà sí Tom Sawyer tó jẹ́ orin àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá dé àárín, níbi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń dá sọ̀rọ̀, ẹ ka ení, èjì títí dé èje kẹ́ ẹ tún padà sí ení, torí tẹ́ ẹ bá kà á dé ẹ̀jọ bí ti orin ṣọ́ọ̀ṣì, orin á ti fi yín sílẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é títí ẹsẹ̀ yín á fi máa kà á fúnra ẹ̀.

Red Barchetta ní tiẹ̀, ẹ ka ọ̀rọ̀ orin bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́. Ìtàn ni: wọ́n ti fòfin de irú mọ́tò àtijọ́ kan, ọmọkùnrin kan ń lọ sóko ọ́ńkù ẹ̀ lọ́jọọjọ́ Sunday láti wa èyí tí ọ́ńkù fi pamọ́, àwọn mọ́tò ńlá wá lé e, ló bá gba orí afárá tóóró tí wọn ò lè gbà. Ẹ gbọ́ bí gìtá ṣe ń sáré tẹ̀ lé e. Limelight náà dùn, òun ló rọrùn jù.

The Camera Eye tó ìṣẹ́jú 11, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì, ó fẹ́ sùúrù. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ Witch Hunt tó ṣókùnkùn, Vital Signs ló kàn, ẹ ó bá régè nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá Permanent Waves, álíbọ́ọ̀mù wọn ti 1980, kẹ́ ẹ tó wá kojú 2112.