Bí mo ṣe ya Orion láti Kabba pẹ̀lú mount tí kò bá ilẹ̀ wa mu

Inú ń bí mi sí ẹni tó ta mount yìí fún mi, ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion. Inú náà kò sì tíì rọ̀. Mo sọ fún un kedere pé Kabba ni mò ń gbé, mo bi í bóyá yóò ṣiṣẹ́ níbí. Ó ní kò síbi tí kì í ti í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Owó rẹ̀ ju ti kámẹ́rà tokunbo mi lọ, owó wáyìbíìlì láti Èkó tún gorí rẹ̀. Nígbà tí mo tú páálí ni mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀: 20 sí 65.

Ayé ń yí, ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ fi ń kúrò ní ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Bí kámẹ́rà bá dúró sójú kan tó sì lajú sílẹ̀ pẹ́, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ nínú fọ́tò. Lẹ́ǹsì 18mm lára kámẹ́rà mi lè fara da nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 17. 50mm kò lè kọjá 6. Equatorial mount ló ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí òpó àríwá ọ̀run, ojú kan tí gbogbo ìràwọ̀ dà bí ẹni ń yí po, ní ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ Polaris. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ni òpó náà ṣe ń ga tó lójú ọ̀run. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dígírì 51 ni. Ní Kabba, kò fi bẹ́ẹ̀ pé 8. Gbogbo Nàìjíríà, láti etí òkun dé ẹnu ibodè Niger, àárín dígírì 4 sí 14 ló wà. Nọ́ńbà 20 sí 65 yẹn ni dígírì tí ọ̀pá mount mi lè kọjú sí. Mount tí kò lè sọ̀kalẹ̀ ju 20 lọ kò bá ìlú kankan mu ní orílẹ̀-èdè yìí! Ẹni tó ń tà á fún wa yẹ kó mọ̀. Mo pè é, ó ní òun kì í gba ọjà padà.

Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mo fi ń jẹun, nítorí náà n kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gbé ISO sí 1600 tàbí bí a ṣe ń ya RAW. Kìkì pé autofocus, tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ fi ń mú àwòrán mọ́ kedere, kò wúlò lóru. Ẹ wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 10 lójú kámẹ́rà, kí ẹ fọwọ́ yí lẹ́ǹsì títí ìràwọ̀ náà yóò fi kéré jù lọ.

Iṣẹ́ gan-an ni bí a ó ṣe mú 20 wá sílẹ̀ di 8. Mo ká ẹsẹ̀ ìhà àríwá kúrú, gbogbo sítáǹdì fẹ́ dojú dé. Mo wá lọ bá káfíńtà àdúgbò wa.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ igi tó rí bíi gìgísẹ̀ bàtà obìnrin, kó ga lẹ́yìn, kó rẹlẹ̀ níwájú."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ yà, sà."

Ó wò mí. "Àbúrò, mú ìwọ̀n rẹ wá."

Dígírì 12 ni mo fẹ́ gé kúrò. Bí igi bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ní 6.4. Igi tútù ló kọ́kọ́ lò, igi náà sì wọ́ kí n tó lò ó dáadáa, a tún un gé láti ara ìrókò tó ti gbẹ. Nígbà tí a gbé mount lé e, ọ̀pá tí wọ́n fi ń so irin tó ń bá kámẹ́rà dọ́gba bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹsẹ̀ sítáǹdì. Owó tún jáde. Wẹ́dà gé ọ̀pá náà kúrú, kámẹ́rà mi kò wúwo, kò sì pa á lára.

Wàhálà kò tíì tán. Òkè yí Kabba ká, dígírì 8 sì rẹlẹ̀ púpọ̀. Láti àgbàlá wa, òkè ló bo Polaris. Wọ́n á ní kí n lọ sí gbangba oko, àmọ́ pẹ̀lú bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé kámẹ́rà lọ sínú igbó lóru. Nínú àgbàlá pàápàá, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn fijilanté.

Mintaka ló yọ mí. Òun ló ń kọ́kọ́ yọ nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò síbàdí Orion, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tó pín ọ̀run sí méjì gẹ́lẹ́. Nígbà tó bá ṣì wà nílẹ̀ ní ìlà oòrùn, ẹ jẹ́ kí mount máa tẹ̀lé e, kí ẹ máa wò ó lójú kámẹ́rà. Bó bá ń sún sí gúúsù, ọ̀pá tó kọjú sí òpó rẹlẹ̀ jù. Bó bá ń sún sí àríwá, ó ga jù. Nígbà tó bá dé òkè orí, ẹ tún wò ó. Bó bá sún sí gúúsù, ọ̀pá ti yà sí ìlà oòrùn jù. Bó bá sún sí àríwá, ìwọ̀ oòrùn ló yà sí. Ó gba sùúrù gan-an, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni mo wá ń ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 50mm, tí ìràwọ̀ sì dúró ṣinṣin.

Mo fi Siril, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, to àwọn fọ́tò náà léra. Orion Nebula jáde, gáàsì níbi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń wáyé, tó jìnnà sí wa ní nǹkan bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ó ń ga tó dígírì 77 lórí Kabba. Ní Lọ́ńdọ̀nù kì í kọjá nǹkan bí 33. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ tóbi sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọwọ́ yín kò bá tíì kan owó mount, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà fi ìdè ilẹ̀kùn so pákó méjì pọ̀, kí kámẹ́rà wà lórí tòkè. Ẹ fi bóòtù M6, tí ẹ̀yí rẹ̀ kan jẹ́ mílímítà 1, sí ibi tó fi mílímítà 228 jìnnà sí àárín ìdè náà, kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. George Haig ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1975. Ìdè náà ni yóò kọjú sí òpó àríwá, dígírì 8 kò sì nira fún igi.

Àkókò tó dára ni ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ọyẹ́ tó le. Nínú ọyẹ́, ìkùukùu kò sí, ṣùgbọ́n eruku Sàhárà ti gba ojú ọ̀run. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fọ eruku yẹn, Omega Centauri, àkójọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ ní ìhà gúúsù ọ̀run, ló kàn fún mi. Kì í yọ rárá ní Lọ́ńdọ̀nù. Tiwa ń ga tó dígírì 34. Òkè kò dí ìhà gúúsù àgbàlá wa, 50mm yìí náà ni màá sì fi yà á.