Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe NCE, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí lẹ́sìn nóòtì kí TP tó dé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kọ́ṣẹ́ tíṣà, tẹ́ ẹ fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà tí wọ́n ń pè ní NCE, ẹ kú ìnira o. Mo mọ̀ pé kọ́ọ̀sì tí wọ́n kó fún yín pọ̀, ti EDU (ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ tíṣà) wà ńbẹ̀, ti GSE (èyí tí gbogbo yín jọ ń ṣe) wà ńbẹ̀, ti ẹ̀ka tẹ́ ẹ mú tún wà lọ́tọ̀, ẹ ò sì mọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbá mú. Èmi ti ṣe é jáde, ọmọ prámárì ni mò ń kọ́ báyìí, ohun tí mo sì wá rí ni pé lẹ́sìn nóòtì, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí tíṣà máa ń kọ sílẹ̀ kó tó wọ kíláàsì, ni òpó tó gbé gbogbo ẹ̀ ró. Ẹni tó bá ti ń kọ ọ́ láti ọdún kìíní, micro-teaching, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré tá a fi ń dánra wò, ò ní dẹ́rù bà á, TP, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá rán wa lọ kọ́ni níléèwé, náà ò ní dẹ́rù bà á, kódà sàíkọ́lọ́jì tó dà bíi pé kò kàn wá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí yé e, torí á ti mọ nǹkan tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń kọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ìgbà tí TP bá ku ọ̀sẹ̀ méjì la tó máa ń wá nóòtì àwọn tó ti ṣe é lọ́dún tó kọjá kiri.

Ibi èròǹgbà, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ lè ṣe tí ẹ̀kọ́ bá parí, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi ìfáàrà. Lọ́jọ́ tí supáfáísọ̀, ìyẹn ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni, kọ́kọ́ wá bá mi ní kíláàsì, Prámárì 3 ni mò ń kọ́, kókó ẹ̀kọ́ mi sì ni orísun omi. Ohun tí mo kọ sínú nóòtì ni pé "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ọmọ yóò mọ̀ nípa omi." Màmá yẹn jókòó sẹ́yìn kíláàsì lórí bẹ́ǹṣì kékeré àwọn ọmọ, wọ́n fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "mọ̀", nígbà tá a parí wọ́n bi mí pé, "Báwo lo ṣe máa fojú rí i pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n?" Mi ò rí èsì fọ̀. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti kọ "mọ̀" tàbí "lóye" sínú èròǹgbà mọ́. Ohun tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́ ni kẹ́ ẹ lò: dárúkọ, kọ, tò, yà sọ́tọ̀, ṣírò, yàwòrán, pè. Tó bá jẹ́ "àwọn ọmọ yóò lè dárúkọ orísun omi mẹ́ta tó wà ládùúgbò wọn," ìgbéléwọ̀n yín ti dé nìyẹn, ẹ kàn máa yí i padà sí ìbéèrè ni: dárúkọ orísun omi mẹ́ta tó wà ládùúgbò rẹ. Ọmọ kan á ní kànga, òmíì á ní odò, òmíì á ní bohóòlù tó wà nílé Alhaja, gbogbo ẹ̀ ló tọ̀nà.

Ibí yìí náà ni ọ̀rọ̀ Bloom ti wúlò, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà tóun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ to iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà lọ́dún 1956. Ẹ má kàn há a sórí torí ìdánwò. Tẹ́ ẹ bá ti kọ èròǹgbà mẹ́ta tán, ẹ wò ó bóyá gbogbo ẹ̀ ò jẹ́ "dárúkọ, dárúkọ, dárúkọ," torí ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà tí ọmọ á fi orí ronú, kí ọ̀kan sì wà tó máa fọwọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká jọ kọ ọ́. Yorùbá, Prámárì 4, àmì ohùn, ìṣẹ́jú 35. Èròǹgbà: àwọn ọmọ yóò lè fi àmì ohùn tó tọ́ sórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí lẹ́tà wọn jọra: igbá, igbà, igba, ìgbà. Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: wọ́n ti ń fẹnu pe àwọn ọ̀rọ̀ yẹn nílé (ẹ má kọ "wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó kọjá," ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni). Ohun èlò: igbá kan láti kíṣìnnì màmá yín, okùn tẹ́ ẹ máa pè ní igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, kádíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kọ 200 sí gàdàgbà fún igba, àti aago ògiri fún ìgbà. Ìfáàrà ò ju pé kẹ́ ẹ gbé igbá sókè kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí lèyí, kẹ́ ẹ wá fa okùn yọ. Ìgbésẹ̀ kìíní, wọ́n á pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbésẹ̀ kejì, ọwọ́ wọn á máa sọ ohùn náà: mí, ọwọ́ á lọ sókè, re, á wà láàárín, dò, á wálẹ̀. Igbá, àárín lọ sókè. Igbà, àárín wá sísàlẹ̀. Igba, kò kúrò láàárín. Ìgbà, ìsàlẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ máa rí i tí kíláàsì á ta jí, tí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ rí náà á máa na ọwọ́. Ìgbésẹ̀ kẹta lẹ máa tó kọ ọ́ sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i, kí wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì sí i fúnra wọn.

Nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in sí iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ "àwọn ọmọ ń tẹ́tí sílẹ̀" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà ò tíì ṣe tán, ẹ padà lọ tún un rò.

Micro-teaching wà fún kẹ́ ẹ fi ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ ọgbọ́n kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan: ọmọ bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, ìṣẹ́jú bíi márùn-ún sí mẹ́wàá. Yunifásítì Stanford ló ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ohun tó sì mú un wúlò ni pé ẹ máa kọ́ni, wọ́n á sọ ibi tó kù sí fún yín, ẹ máa tún un kọ́. Wàhálà tá a máa ń ní ni pé a fẹ́ lo gbogbo ọgbọ́n tán lọ́jọ́ kan. Tí wọ́n bá ní ìbéèrè bíbi ni tòní, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́: ẹ bi gbogbo kíláàsì, ẹ dákẹ́ ka ẹyọ kan sí márùn-ún nínú ọkàn yín, kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹni tó máa dáhùn. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ dárúkọ Bọ́lá, àwọn tó kù ti sinmi nìyẹn. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín fi fóònù ya fídíò yín, kẹ́ ẹ wò ó lálẹ́.

Àwọn àsáìmẹ́ǹtì tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, máàkì 40 ló wà fún tẹ́ẹ̀sì àti àsáìmẹ́ǹtì, 60 fún ìdánwò, torí náà ẹni tó bá fi àsáìmẹ́ǹtì ṣeré ti ju máàkì sọnù kó tó dé họ́ọ̀lù ìdánwò. Tí wọ́n bá fún yín ní ti ìtàn ẹ̀kọ́, ẹ kúrò nídìí háńdáòtì nìkan. St Andrew's College ti wà l'Ọ́yọ̀ọ́ láti 1896 tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ Ashby tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ jábọ̀ lọ́dún 1960, inú àbá wọn sì ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní NCE ti jáde. Tí ìyá àgbà tàbí bàbá kan bá wà ládùúgbò yín tó gba Gírédì Tuu, ìwé ẹ̀rí tíṣà láyé ìjọ́un, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Tó bá sì jẹ́ orí kíkọ́ ọmọ ní èdè abínibí ni, ẹ ka nípa iṣẹ́ ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá n'Ífẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà ní prámárì, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí iṣẹ́ yẹn, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọmọ tó mọ nǹkan tán, Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi sọ ọ́ ni ò sí lẹ́nu ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé TP, ẹ kọ nóòtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ fi han tíṣà tó ni kíláàsì kó tó di Mọ́ńdè, torí ó mọ àwọn ọmọ yẹn jù yín lọ. Ẹ má dúró de supáfáísọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ohun èlò wá. Lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀ nóòtì ọjọ́ náà: ohun tó yé wọn, ohun tí ò yé wọn, ọmọ tó yẹ kẹ́ ẹ padà lọ bá. Inú ìlà mẹ́ta mẹ́ta yẹn lèmi ti rí àkòrí próójẹ́ẹ̀tì mi, torí nígbà tí mo ṣí i padà, "ìdá nínú ìṣirò ò yé wọn" ti wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.