Ẹ yé fi fáìlì kọ́sítọ́mà àná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òní: bí ẹ ṣe máa ṣe tẹ́ńpléètì AutoCAD tiyín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya plàánù ilé lórí AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń yàwòrán ilé, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Tí iṣẹ́ tuntun bá dé, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé ká ṣí fáìlì ilé tá a yà kẹ́yìn, ká tẹ Save As, ká pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, ká wá bẹ̀rẹ̀. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ gbogbo pàǹtí iṣẹ́ àtijọ́ ló máa bá yín wọnú iṣẹ́ tuntun, léyà (ìpele tá a fi ń pín ìlà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́) tẹ́nikẹ́ni ò mọ ẹni tó dá wọn sílẹ̀, lẹ́tà tó tóbi níbí tó kéré lọ́hùn-ún, èyí tó wá burú jù ni orúkọ onílé àtijọ́ tó ṣì máa wà lórí bébà kẹrin tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, onílé tuntun á wá máa bi yín pé Alhaji wo ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sórí plàánù òun.

Tẹ́ńpléètì ló ń gbani lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn. Ó dà bíi mọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa fara balẹ̀ wọn ín, gbogbo èyí tó bá tibẹ̀ jáde á dọ́gba. Orúkọ fáìlì ẹ̀ máa ń parí sí .dwt, fáìlì DWG lásán náà ni, irú èyí tí AutoCAD ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé tẹ́ ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀dà ẹ̀ ni AutoCAD máa gbé fún yín, ojúlówó á wà níbi tó wà. Ilé gbígbé ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, bọ́ńgálò tàbí dúpúlẹ́ẹ̀sì tá a máa tẹ̀ sórí A3, torí irú iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ́

Ẹ tẹ NEW, ẹ mú acadiso.dwt. Ẹ má mú acad.dwt o, ti ínṣì nìyẹn, tẹ́ ẹ bá wá ń ya mìlímítà nínú ẹ̀, ìlà gé-gé àti háàṣì yín (ìlà tá a fi ń kún inú nǹkan bí ògiri) á máa jáde ní ìwọ̀n tí ò yé èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ UNITS, kí Type jẹ́ Decimal, kí Precision jẹ́ 0 torí kò sí bíríkìlà tó máa wọn ìdajì mìlímítà, níbi tí wọ́n kọ Insertion scale sí, ẹ yan Millimeters.

Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Mítà ni àwọn awọnlẹ̀ wa fi ń ṣiṣẹ́. Tí fáìlì survey wọn bá ní mítà ni òun, tí tiyín náà ní mìlímítà ni òun, ẹ ṣáà fi XREF so ó mọ́ iṣẹ́ yín, AutoCAD fúnra ẹ̀ á fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀, ilẹ̀ náà á jókòó sí ìwọ̀n ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ Unitless ni wọ́n fi sí, ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 á kéré ju ilẹ̀kùn kan lọ nínú fáìlì yín. Ẹsẹ̀ bàtà ṣáà ni wọ́n fi ń ta ilẹ̀ fún wa, torí náà ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́wọ́: 60 sí 120 jẹ́ mìlímítà 18288 sí 36576, 50 sí 100 jẹ́ 15240 sí 30480.

Ẹ tún wo LTSCALE, PSLTSCALE àti MSLTSCALE, àwọn ló ń darí bí ìlà gé-gé ṣe ń jáde, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 1, kí ìlà gé-gé lè hàn bí ìlà gé-gé.

Léyà

Léyà ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ní ọgọ́rùn-ún nínú tẹ́ńpléètì wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá léyà ògiri láàárín ọgọ́rùn-ún léyà, èyí tó bá kọ́kọ́ rí lá ya ògiri ẹ̀ sí. Bíi méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ilé gbígbé: A-WALL fún ògiri, A-DOOR fún ilẹ̀kùn, A-WIND fún fèrèsé, A-COLS fún òpó, A-ROOF, A-STAIR, A-FURN fún àga àti bẹ́ẹ̀dì, A-HATCH, A-TEXT, A-DIMS, A-SITE, P-DRAIN fún ọ̀nà omi ìdọ̀tí àti sókáwéè. Lẹ́tà tó ṣíwájú yẹn ṣe pàtàkì, A jẹ́ ti akítẹ́ẹ̀tì, ẹnjiníà tó bá máa fi òpó àti bíìmù kún un á lo S, oníná á lo E, gbogbo ẹ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn nínú lísítì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń da tẹnìkejì rú.

Inú léyà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ ti yan kọ́lọ̀, irú ìlà àti bí ìlà ṣe máa sanra tó. Ibi tá a gé ilé já ló yẹ kó sanra jù, torí náà mo máa ń fún ògiri ní 0.50, ilẹ̀kùn àti fèrèsé 0.25, ìwọ̀n 0.18, háàṣì 0.13. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá yà kó wà ní ByLayer, ìyẹn ni pé kó máa tẹ̀lé ohun tẹ́ ẹ yàn nínú léyà ẹ̀, ẹ má fọwọ́ yí kọ́lọ̀ ìlà kan ṣoṣo padà. Tó bá ti wà bẹ́ẹ̀, monochrome.ctb tó bá AutoCAD wá náà tó yín láti fi tẹ̀wé, á sọ gbogbo kọ́lọ̀ di dúdú, á wá gba bí ìlà ṣe sanra látinú léyà yín. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ní AutoCAD. CTB, fáìlì tó ń sọ bí ìlà ṣe máa jáde lórí bébà, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe ò sí nínú tẹ́ńpléètì, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé DWG lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láìgbé e dání, ìlà á jáde bó ṣe wù ú.

Layout ni ojú bébà tẹ́ ẹ máa tẹ̀, fèrèsé tí ilé ti ń hàn níbẹ̀ là ń pè ní viewport. Ẹ dá léyà kan sílẹ̀ fún fèrèsé yìí, ẹ pè é ní A-VPORT, ẹ tẹ àmì prínt tó wà níwájú ẹ̀ kó má bàa jáde lórí bébà. Ẹ má máa ya nǹkan sínú Defpoints tí AutoCAD fúnra ẹ̀ ń dá sílẹ̀, léyà yẹn kì í jáde lórí bébà láéláé, mo ti rí i tí ògiri odidi yàrá kan pòórá nínú plàánù torí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má tẹ PURGE nínú tẹ́ńpléètì yín. Léyà tí kò tíì sí nǹkan nínú ẹ̀, pàǹtí ni PURGE máa kà á sí, á kó gbogbo làálàá yín dànù. Tó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ gidi, ẹ tẹ Ctrl+2 kí DesignCenter ṣí, ẹ wá tẹ́ńpléètì yín níbẹ̀, ẹ fa àwọn léyà náà wọlé padà.

Lẹ́tà àti ìwọ̀n

Ẹ tẹ STYLE, ẹ ṣe méjì péré, ọ̀kan fún àkọlé ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ máàkì Annotative, Paper Text Height kó jẹ́ 2.5 fún ọ̀rọ̀ lásán, 5 fún àkọlé. Ohun tíyẹn ń sọ ni pé lórí bébà gidi, lẹ́tà náà á ga ní mìlímítà 2.5, ì báà jẹ́ 1:100 lẹ fi tẹ̀ ẹ́ tàbí 1:50. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ya 1:100 á kọ lẹ́tà 250, tó bá tún fẹ́ gbé ilé ìwẹ̀ jáde ní 1:50 á tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ ní 125, á wá máa tan èyí pa tọ̀hún. Báyìí ẹ kàn máa fi síkéèlì kejì kún ọ̀rọ̀ náà ni. Níbi SCALELISTEDIT, ẹ yọ gbogbo síkéèlì tẹ́ ẹ kì í lò, ẹ fi èyí tí kò sí níbẹ̀ kún un, kí 1:20, 1:50, 1:100, 1:200 àti 1:500 wà níbẹ̀.

Fọ́ǹtì ńkọ́? romans.shx tí ọ̀pọ̀ ń lò ò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ kọ Ṣómólú tàbí Ẹ̀gbẹ́dá sí i kẹ́ ẹ wò ó, àmì ìbéèrè lẹ máa rí. Arial ti Windows mọ̀ wọ́n, òun ni mo fi sínú tèmi. Orúkọ oníṣẹ́ àti orúkọ àdúgbò wa yẹ kó jáde pé pérépéré lórí ìwé tí wọ́n máa fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Fún ìwọ̀n, ẹ tẹ DIMSTYLE, ẹ mú ISO-25, ẹ fi ṣe tuntun tó ní Annotative. Ẹ yí ọfà padà sí Architectural tick, Precision kó jẹ́ 0, Decimal separator kó kúrò ní kọ́mà kó di Period, torí kọ́mà ló máa ń bá ISO-25 wá, ẹ ò sì ní rí i àfi ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ gíga ilẹ̀ ní mítà. Ẹ tún ṣe ìkejì tó ní Alternate units, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Architectural pẹ̀lú ìsọdipúpọ̀ 0.03937, ìyẹn á máa kọ ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mìlímítà. Ẹni tó ń kọ́lé fúnra ẹ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹsẹ̀ bàtà ló fi ń ro yàrá ẹ̀, búlọ́ọ̀kù 225 náà, ínṣì mẹ́sàn-án là ń pè é.

Bébà àti àpótí orúkọ

Àpótí orúkọ ni ibi tí orúkọ onílé, àkọlé àti nọ́ńbà bébà máa wà. Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù. A3 jẹ́ 420 sí 297. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tẹ́ ẹ bá fi 1:100 tẹ̀ ẹ́, á gba nǹkan bíi mìlímítà 366 ní gígùn àti 183 ní fífẹ̀. Ẹ ò rí i pé tẹ́ ẹ bá fi àpótí orúkọ sí apá ọ̀tún bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, bébà náà ò ní gba ilẹ̀ náà mọ́. Torí náà ìsàlẹ̀ ni mo máa ń fi tèmi sí, gíga ẹ̀ jẹ́ 50, mo fi 20 sílẹ̀ lápá òsì fún ibi tí wọ́n á ti dì í, 10 ní ẹ̀gbẹ́ yòókù, àyè tó kù jẹ́ 390 sí 227.

Nínú àpótí náà, ẹ fi àyè tó tó sílẹ̀ fún òǹtẹ̀. Plàánù tó bá ń lọ sí LASPPPA, àjọ tó ń fún èèyàn ní àṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó, tàbí ọ́fíìsì planning ìpínlẹ̀ míì, akítẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́dọ̀ ARCON (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀) á fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ ẹ̀, ẹnjiníà tó wà lọ́dọ̀ COREN (ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà) náà á fẹ́ tẹ tiẹ̀, kò dáa kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lé ilé ìdáná lórí.

Orúkọ onílé ńkọ́, tó fa ìjà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn? Ẹ má kọ ọ́ sórí bébà rárá. Ẹ tẹ DWGPROPS, ẹ lọ sí Custom, ẹ fi orúkọ kún un: ONILE, ADIRESI, NOMBA ISE, ẹ má kọ nǹkan kan sí iwájú wọn. Ẹ wá padà sínú àpótí, ẹ tẹ FIELD, lábẹ́ Document ẹ máa rí ONILE, ẹ gbé e síbi tí orúkọ yẹ kó wà, ẹ ṣe àwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Látìgbà yẹn, tí iṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa kọ orúkọ onílé sínú DWGPROPS, tẹ́ ẹ bá ti tẹ REGEN á hàn lórí gbogbo bébà. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, dáàṣì mẹ́rin ló máa wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹlòmíì. Ohun tó bá yàtọ̀ láti bébà sí bébà, bí àkọlé, nọ́ńbà bébà àti síkéèlì, ATTDEF, àyè tẹ́ ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ sí lórí bébà kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ tó sọ gbogbo àpótí di block, ìyẹn nǹkan kan ṣoṣo.

Ẹ tún ya ọ̀pá síkéèlì sínú ẹ̀, mítà 10 ní 1:100 jẹ́ mìlímítà 100. Àwọn tó ń tẹ̀wé fẹ́ràn Fit to page, bébà á ti sún kì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀pá yẹn ló máa tú àṣírí ẹ̀.

Ó ku PAGESETUP: DWG To PDF.pc3, ISO full bleed A3, 1:1, monochrome.ctb, ẹ fún un lórúkọ, ẹ wá lò ó fún gbogbo layout. Ẹ ṣe layout tó tó iṣẹ́ yín, ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé, òkè, òrùlé, ojú ilé, ibi tá a gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú viewport ẹ̀ ní síkéèlì tó yẹ ẹ́, ẹ lọ́ọ̀kì viewport náà.

Ẹ fi pamọ́, ẹ dán an wò

Ẹ tẹ SAVEAS, ẹ yan AutoCAD Drawing Template, ẹ kọ ọdún mọ́ orúkọ ẹ̀, bíi ILE-A3-2025.dwt. Ẹ wá lọ sí OPTIONS, Files, Template Settings, níbi Default Template File Name for QNEW, ẹ nà án sí fáìlì yín. Tẹ́ ẹ bá pọ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ gbé e sí fódà tí gbogbo yín ń rí, ẹ sọ ọ́ di Read-only.

Ẹ ṣí iṣẹ́ tuntun, ẹ ya yàrá kan ṣoṣo, 3600 sí 3600, ògiri 225, ilẹ̀kùn 900, ẹ kọ ìwọ̀n àti orúkọ yàrá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí A3 gidi ní 1:100, ẹ fi rúlà wọn yàrá náà. 36 mìlímítà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo PAGESETUP kẹ́ ẹ tó fura sí nǹkan míì.

Àwọn nǹkan kan ò lè wọnú tẹ́ńpléètì, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé: OSMODE, tó ń jẹ́ kí kọ́sọ̀ mú igun àti ìparí ìlà, wà lára wọn, SAVETIME, ìṣẹ́jú tí AutoCAD fi ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra ẹ̀, náà wà níbẹ̀, ẹ dín ìyẹn kù sí 5 lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ tún mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ṣàtúnṣe tẹ́ńpléètì lónìí, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní yí padà. Tí ẹnì kan láàárín yín bá ṣì ń lo AutoCAD 2013 sí 2017, kò ní lè ṣí .dwt tẹ́ ẹ fi tuntun ṣe, torí náà ẹ fi pamọ́ bíi DWG 2013, ẹ wá yí ìparí orúkọ ẹ̀ láti .dwg sí .dwt, á ṣí fún un.