Kí Àbẹ̀kẹ́ Tó Yé Ẹyin: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Alángbá Onírùngbọ̀n

Ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá mi rí Àbẹ̀kẹ́ lórí fídíò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Akin, ṣé ajá ti tán nílùú òyìnbó ni?" Mi ò lè bá wọn jiyàn. Alángbá tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ lókùúta lẹ́yìnkùlé ní Ìbàdàn ni mo wá ń ra iná fún ní Leeds, tí mo ń ra ìrẹ̀ fún, tí mo ń gbé lọ rí dókítà. Wọn ò sì tíì gbọ́ èyí tó kù: mo fẹ́ kó bímọ.

Alángbá onírùngbọ̀n ni Àbẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bearded dragon níbí. Ilẹ̀ gbígbẹ àárín Ọsirélíà ni ìran wọn ti ṣẹ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n sì wà pẹ̀lú alángbá ilé wa. Ẹni tó bá ti wo akọ alángbá lórí ògiri rí, bó ṣe ń mi orí tó ń yin ara rẹ̀ pé òun já láti orí ìrókò, ó ti mọ ìdajì ìwà wọn. Ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé, la rà á fún Tọ́pẹ́ ọmọ mi. Kò gùn ju bírò kan lọ nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 48 láti imú dé ìrù, ó wọn gíráàmù 410, ó sì ti yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan láìfojú kan akọ rí, bí adìẹ ṣe máa ń ṣe. Kò sọ́mọ nínú ẹyin wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ló fi èrò sí mi lórí.

Mo lọ bá ìyá òyìnbó kan tó ti ń sìn wọ́n láti ìgbà tí mi ò tíì gbéyàwó. Mo ti kọ gbogbo ìbéèrè mi sínú fóònù: báwo ni iná ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, irú yẹ̀pẹ̀ wo, ẹ̀rọ wo. Kò dáhùn ọ̀kankan. Ó ní, "Ilé mélòó lo ti rí?" Mo ní ilé kí ni. Ó ní ilé tí àwọn ọmọ máa gbé. Ó ní abo kan lè yé ogún ẹyin sí ọgbọ̀n lójú kan, kò sì ní parí síbẹ̀, torí pé ara abo máa ń tọ́jú nǹkan ọmọ akọ pamọ́ sínú, ó lè tún yé lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta sí i láìtún rí akọ sójú. Bí wọ́n bá sì rí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn á tó ọdún mẹ́wàá láyé. "Lọ ka ilé ná, kó o tó wá ka ẹyin."

Inú bí mi díẹ̀. Mo rò pé kò fẹ́ kí n bá òun du ọjà ni. Mo délé, mo kọ orúkọ gbogbo àwọn tó máa ń wá kí wa tí wọ́n á ní, "Tó bá bímọ, ẹ fún wa ní ọ̀kan." Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ iye tí wọ́n ń ta àpótí onígíláàsì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, mo sọ ti iná UVB, iná tó ń ṣe bí ìtànṣán oòrùn fún wọn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lọ́dọọdún bó tilẹ̀ ṣì ń tàn, mo sọ ti gílóòbù ooru tó ń tàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹnì kan ní òun á pè mí padà. Títí di òní. Nínú mọ́kànlá, ó ku mẹ́rin.

Ibi tó yẹ kí n dúró nìyẹn. Mi ò dúró.

Mo pe káńsù náà. Òfin kan wà ní England láti 2018 tó ní ẹni tó bá ń ta ẹranko ọ̀sìn bí òwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bímọ lẹ́ẹ̀kan nílé, tó ń fi ọmọ tọrẹ, tí kò wá èrè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí èèyàn béèrè kó tó ṣe ju kó máa ṣàlàyé lẹ́yìn tó ti ṣe tán.

Akọ, yíyá la yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn tirẹ̀ ń dán, ìpẹ́ rẹ̀ kéré, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní leatherback ni. Àbẹ̀kẹ́ ní ìpẹ́ ẹlẹ́gùn-ún tiẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ká ní leatherback lòun náà ni, mi ò ní dá a láṣà, torí bí méjì irú wọn bá pàdé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn á jáde láìní ìpẹ́ kankan. Awọ wọn á rí bí awọ ọmọ jòjòló, á máa gbẹ, á máa ya, wọn á máa jìyà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ awọ. Àwọn kan ń wá irú ẹ̀ kiri torí pé ó rẹwà lójú wọn. Lójú tèmi, ìkà ni.

Kí akọ náà tó wọlé wa, mo ní ká kó ìgbẹ́ àwọn méjèèjì lọ fún dókítà ẹranko, kí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò fún adenovirus, fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń pa àwọn ọmọ wọn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ wo bó ṣe sanra. Lóòótọ́, kò sí fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìfun rẹ̀ kún fún coccidia, kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí. Bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ alángbá dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi tọ́jú rẹ̀ ká tó tún ìgbẹ́ yẹ̀ wò.

Akọ àti abo kì í gbé inú àpótí kan. Akọ ò ní jẹ́ kó sinmi. Nítorí náà, mo gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ sínú ilé akọ, mo sì jókòó tì wọ́n. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó mi orí títí gbogbo ara ẹ̀ fi ń gbọ̀n. Àbẹ̀kẹ́ gbé ọwọ́ kan sókè, ó ń fì í yípo wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn lókèèrè. Ìtẹríba ni, bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni jà nìyẹn. Akọ já a lọ́rùn mú, ó sì gùn ún. Tọ́pẹ́ bú sẹ́kún, ó ní kí n gbà á sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ṣe tán, ṣùgbọ́n ojú eyín wà lọ́rùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi gbé ẹyin sínú. Ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù ni mo ń bù sórí oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé ara ìyá ni ohun tí wọ́n máa fi ṣe èèpo ẹyin ti ń wá. Bí kò bá tó, egungun rẹ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́ lára. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, títí ìyàwó mi fi ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, orí ohun tí mo fi ń wọn fúláwà ni alángbá jókòó sí yẹn?" Mo ra òmíràn. Nígbà tó yá, tí mo bá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó dà bí ìgbà téèyàn bá fọwọ́ tẹ ẹ̀wà nínú ọ̀rá.

Owó kan wà tí mo yà sọ́tọ̀, 600 pọ́n-ùn, tí mi ò fọwọ́ kàn. Àwọn abo mìíràn máa ń ní ẹyin nínú tí kò ní jáde, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sì lè gbà wọ́n. Ẹni tí kò bá ní irú owó yẹn nílẹ̀, kó má tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ akọ sílẹ̀. Ẹni tí abo rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan àbọ̀, tí ara rẹ̀ ò tíì dàgbà tán, kó tún ní sùúrù.

Mo kó yẹ̀pẹ̀ pọ̀ mọ́ iyanrìn sínú ọpọ́n ńlá kan, jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo bu omi sí i títí tó fi ṣeé mọ bí èbà líle. Ọjọ́ méjì ló fi ń họ gbogbo igun ibòmíràn, kò wo ọpọ́n mi. Èmi ni mo ń dí i lọ́wọ́, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni mò ń yọjú. Nígbà tí mo da aṣọ bo gíláàsì tí mo sì lọ sùn, ló tó wọnú ihò. Láàárọ̀, orí ló fi ń ti yẹ̀pẹ̀ padà sójú ihò, ó ń fi imú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnin-gbọnin, ojú rẹ̀ ti jìn. Mo gbé e. Awọ ikùn rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ bí ọ̀rá tí wọ́n ti da gààrí inú rẹ̀ tán.

Ẹyin 24. Kí n tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù fa àmì sórí rẹ̀, kí apá tó wà lókè lè máa wà lókè. Adìẹ a máa yí ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n ti alángbá, bí ó bá yí, ọmọ inú rẹ̀ lè kú. Mo tẹ́ wọn sínú vermiculite tútù, òkúta wẹ́wẹ́ fífúyẹ́ kan tó máa ń fa omi mu, nínú ẹ̀rọ ìsàba, mo sì yí i sí 29°C. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn nínú òkùnkùn: 19 ní iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí gbòǹgbò. Ooru ibẹ̀ ò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà ti fi hàn láti 2007 pé bí ooru bá kọjá 32°C, ẹyin tó yẹ kó di akọ lè jáde bí abo. Mo fi tẹmọ́mítà kejì sí i, àfi bí mo ṣe rí i pé 31 ló ń kà nígbà tí ẹ̀rọ ń fi 29 yangàn. Ẹ má gba ẹ̀rọ kan gbọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Àbẹ̀kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀. Kò rí akọ kankan. Ẹyin 21.

Ìyá òyìnbó yẹn ti sọ fún mi, mo sì ti gbàgbé. Mo jókòó sórí àga ilé ìdáná, ẹyin wà nínú abọ́ níwájú mi, mo ń ṣírò: ilé mẹ́rin, ẹyin 19 nínú ẹ̀rọ, 21 nínú abọ́. Mo kó ti abọ́ sínú fírísà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ọmọ kankan tó fìdí múlẹ̀ nínú wọn. Mi ò jẹ́ kí Tọ́pẹ́ mọ̀. Ìyàwó mi rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja títùs, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ẹja náà lọ sí ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ 63 ni ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Ẹyin á làágùn, á sún kì, imú kékeré kan á là á, ọmọ á sì yọ orí síta, á jókòó síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má fà á; ó ṣì ń fa ìyókù oúnjẹ inú ẹyin sára ni. Mẹ́tàdínlógún ló jáde. Mo ya fídíò wọn sí màmá mi. Wọ́n ní, "Háà. Wọ́n kúkú rẹwà."

Bí ẹwà ṣe parí nìyẹn o. Ọmọ kan ń jẹ ìrẹ̀ kéékèèké bí ọgbọ̀n lójúmọ́, ìrẹ̀ tí kò gbọdọ̀ tóbi ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po mẹ́tàdínlógún. Ìrẹ̀ sá wọ abẹ́ fírísà, wọ́n ń ké lóru bí ẹni pé a wà lóko. Mo kó àwọn ọmọ mẹ́fà mẹ́fà pọ̀, mo pẹ́ kí n tó fún wọn lóúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan torí ìpàdé iṣẹ́, nígbà tí mo dé, ọ̀kan ò ní ṣóńṣó ìrù mọ́, òmíràn ti pàdánù ọmọ ìka méjì. Èyí tó tóbi ló ń jẹ èyí tó kéré. Àpótí mẹ́ta di mẹ́jọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sì ń fọwọ́ wa ní ọṣẹ ní gbogbo ìgbà torí Salmonella, kòkòrò àìsàn tó máa ń wà lára wọn.

Méjì tó rẹlẹ̀ jù kú lọ́sẹ̀ kejì. Mi ò fi èyíkéyìí sílẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́rin lọ sílé mẹ́rin tí mo ti kà. Ọ̀rẹ́ mi tó ni akọ mú méjì. Mẹ́fà lọ sọ́wọ́ àwọn tí mo ní kí wọ́n fi fọ́tò àpótí ránṣẹ́ kí wọ́n tó wá, pọ́n-ùn 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ìrẹ̀ nìkan ti jẹ ẹ́ tán kí n tó gbà á. Ẹnì kan tiẹ̀ tún wá béèrè bóyá mo fẹ́ gba alángbá tirẹ̀, torí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí yunifásítì.

Mẹ́ta ṣì wà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú aláìníṣóńṣó-ìrù yẹn. Àpótí wọn wà ní pálọ̀, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti lọ sí yàrá. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo tan iná mẹ́rin, mo gé ewé fún mẹ́rin, mo wọn mẹ́rin. Àbẹ̀kẹ́ 405.