Tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá ń ró, ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba Isawo jáde sí Àgíríìkì níbí n'Ìkòròdú, ẹ mọ ohun tí kòtò ń fojú ẹsẹ̀ mọ́tò rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé bó bá ṣe ń ró báyìí, ṣọ́ọ̀kì tó ń dín fífì mọ́tò kù làwọn èèyàn á sáré lọ rà, wọ́n á náwó tán, ariwo ò ní lọ, torí línkéèjì, irin kékeré tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀, ló ti jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí. Tó bá ń ró kò-kò-kò wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà págunpàgun, línkéèjì ni kẹ́ ẹ fura sí. Ti ṣọ́ọ̀kì, ẹ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, tó bá fì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tàbí tí ọ́ìlì ti jò sí i lára tí eruku wá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wá jáàkì ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ fi sítáǹdì gbé e ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tí táyà fi ń yà sọ́tùn-ún sósì) tàbí bíárìn (ohun tí táyà fi ń yí po) ni. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ò ṣeé fòní dọ́la o, tó bá já lórí eré, táyà á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ́tò ò ní gbọ́ tiyín mọ́.

Línkéèjì lẹ lè fọwọ́ ara yín pààrọ̀. Táyà iwájú méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé sókè, torí tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, irin tó so wọ́n pọ̀ á fà le, kò ní fẹ́ jáde. Ẹ yọ táyà, ẹ gbo ìpẹtà ara nọ́ọ̀tì línkéèjì, ẹ ta ọ́ìlì sí i kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì péré ni, lókè àti nísàlẹ̀, tó bá ń yí pọ̀ mọ́ bóòtì, ẹ fi alẹ́nkíì (irin onígun mẹ́fà) di àárín bóòtì mú kẹ́ ẹ tó fi sípánà tú u. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ fìka mi orí ẹ̀: tuntun máa ń le, èyí tó ti jẹ á máa mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ẹ fi tuntun pààrọ̀ tọ̀tún àti tòsì pọ̀.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú tó wà nínú sípíríìnì, mẹkáníìkì ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ẹni tí ò bá ní irin tí wọ́n fi ń fún sípíríìnì pọ̀ ò gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì àárín òkè ṣọ́ọ̀kì yẹn, sípíríìnì lè ta jáde kó pa èèyàn. Tí wọ́n bá fọwọ́ kan táì-rọ́ọ̀dù (irin tí ìtọ́kọ̀ fi ń darí táyà) tàbí lower arm (apá ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú), ẹ gba ibi aláìmẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń to táyà kó dúró gún, lọ kẹ́ ẹ tó relé.